Fáìlì Méjì Tí Kò Wọ Ìwé Orúkọ

Gbogbo ọjà kọ̀ǹpútà l'Ọ̀tígbà ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù tí omi wọ̀ wá, tí ó ń búra pé òun kò mọ bí omi ṣe débẹ̀, èmi ni mo máa bi í bóyá òjò ló rọ̀ sínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Sùlíyá, máa ń sọ pé ẹnu yìí ni kò ní jẹ́ kí n rí ọkọ fẹ́. Mo rí ọkọ fẹ́, mo tún kọ̀ ọ́, ẹnu ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí n lò ó gan-an ni mo pa á mọ́ bí ọmọlúàbí, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀gá Fọlábí, ará Agége, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi tọ́jú ààrò mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan lẹ́yìn òpópónà Ọba Ákran, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gba yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Computer Village l'Ọ̀tígbà. Aláàdúrà ni wọ́n, Mùsùlùmí ni mí. Bí mo bá ṣe bisimillahi kí n tó tan ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n ń ṣe àmín. Àtúnṣe láptọ́ọ̀pù ni mo bá lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ mi bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ tó ṣe ohun tí a fẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, kó má sá. Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a bá kọ, ògbufọ̀ kan ló máa ń sọ ọ́ di èdè tí ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́, kọ̀mpáílà ni a sì ń pe ògbufọ̀ náà. Èyí tí à ń lò, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi fáìlì tirẹ̀ kún un.

Àmọ́ fáìlì tuntun kì í kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Ìwé orúkọ kan wà. Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ògbufọ̀ náà pọ̀, ìwé yẹn ni ẹ̀rọ máa ń kà, bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó, ìta ló wà. Bí ẹ̀rọ bá sì rí fáìlì tí kò sí lórí ìwé, á pariwo. Nítorí ìyẹn ni ìwé orúkọ kejì ṣe wà nísàlẹ̀ èkínní, fún àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n wà ṣùgbọ́n tí a ní kí wọ́n ṣì jókòó síta. Ẹ̀rọ kì í pariwo lórí àwọn yẹn. Kì í sì í bá wọn ṣe ohunkóhun.

Kí ló wá kan ààrò? Inú ààrò kọ̀ọ̀kan ni ọpọlọ kékeré kan wà tó ń ka ooru, tó sì ń pàṣẹ fún iná. Àwọn tó ṣe ààrò wọ̀nyẹn lókè òkun ti kógbá sílé tipẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Irú tuntun ni a rí, a sì ní láti tún ìwé kọ fún ọpọlọ náà kí ó lè gbọ́ ohun tí irú tuntun ń sọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ògbufọ̀ wa kì í túmọ̀ dáadáa fún ọpọlọ yìí. Bí ooru bá ti lé ní igba dígírì, á pè é ní ohun tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ á rò pé ààrò ṣì tutù, á sì máa koná mọ́ ọn.

Ọ̀gá ní àwọn máa tún ògbufọ̀ náà ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, gbogbo ayé ló ń kọ nǹkan yẹn, Agége wo ni a ti fẹ́ lọ tún un ṣe?" Wọ́n ní Agége tí gbogbo ayé ti ń jẹ búrẹ́dì. Ọdún méjì gbáko ni a fi ṣe é. Fáìlì méjì ni a kọ, àwọn kọ ọ̀kan, a jọ kọ èkejì, èmi sì kọ àyẹ̀wò mọ́kànlá sínú wọn tí yóò fi hàn bóyá iṣẹ́ náà pé.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú Ọ̀gá ń lọ. Àìsàn tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá ni. Ibi tí wọ́n bá tẹjú mọ́ nìkan ni wọ́n ń rí, bí ẹni ń yọjú níhò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ti sọ pé èyí tó lọ ti lọ, èyí tó kù náà yóò lọ. Wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ kọ àga, wọ́n á bú àga. Èmi náà á bá wọn bú àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín: kì í ṣe eré ni a ń ṣe. Obìnrin mẹ́tàlélógójì ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò mẹ́rin yẹn, Sùlíyá sì wà nínú wọn. Mẹ́ta nínú ààrò náà ti dákẹ́, wọ́n ń pín èyí tó kù mọ́wọ́ láàárín ara wọn. Ayọ̀tọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ mánéjà ibẹ̀, ti sọ fún wa pé àwọn aláṣẹ fẹ́ fi ààrò náà fún àwọn onírin àlòkù, kí wọ́n máa kó bísíkíìtì tó ti jinná wá láti ibòmíràn. Bí ààrò bá lọ, àwọn obìnrin náà lọ nìyẹn. Ó bẹ̀bẹ̀ fún wa, wọ́n sì fún wa ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Igbe. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta tó dákẹ́ bá lè di ooru rẹ̀ mú fún wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ yóò dúró.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: ìwé orúkọ, ti Ọ̀gá ni. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Níbẹ̀, ìwé ńlá kan ló wà lẹ́nu ààrò, kò sì sí nǹkan tó ń wọ inú ààrò, ìbáà ṣe ìdè irin kan, tí Ọ̀gá kò fọwọ́ ara wọn kọ sínú rẹ̀. Fún ọdún méjìlélógún, ẹlòmíràn kò kọ nǹkan síbẹ̀, ààrò kankan kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Nítorí náà, èmi lè kọ fáìlì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Ọ̀gá ló máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo ṣí ìwé náà wò. Mi ò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo rí orúkọ fáìlì wa méjèèjì, ó sì dùn mọ́ mi nínú, kí n tó wo àkọlé tó wà lókè wọn. Ìwé ìsàlẹ̀ ni. Àárín àwọn tó jókòó síta ni wọ́n wà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn fáìlì wa, ìsàlẹ̀ ni mo rí wọn o."

Wọn kò wo ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n kọjú sí, tàbí ibi tí wọ́n rò pé mo wà.

"Ta ló ní kí o ṣí ìwé orúkọ?"

"Mo kàn ń..."

"Mo bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan."

"Kò sẹ́ni, sà."

"Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Fáìlì yẹn ò tíì pé. Ṣé kí n gbé ohun tí ò pé sínú ààrò ni? Tó bá pé, màá gbé e sókè. Ìwé yẹn, má ṣí i mọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, fáìlì náà kò tíì pé nígbà yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà, fáìlì pé. Wọ́n ní kí n jáde lọ ra omi, nígbà tí mo dé, wọ́n ní àwọn ti ṣe ti ìwé orúkọ. A kọ́ ògbufọ̀ náà pọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni àyẹ̀wò tó yege, kò sí èyí tó kùnà. Ọ̀gá kọ orin ìjọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ lu tábìlì.

Iye yẹn náà ni àyẹ̀wò ti ń jẹ́ kí n tó kọ mọ́kànlá tèmi. Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún ọkàn mi pé kó jókòó, pé bóyá mi ò ka tàtijọ́ dáadáa, pé wọ́n ní kí n má ṣí ìwé mọ́. Èmi tí mo lè bi oníbàárà bóyá òjò rọ̀ sínú báàgì rẹ̀.

Ó tún ku ìgbà kan. Ọjọ́rú, ọ̀la ni a máa lọ sí ilé iṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n gbé ìwé orúkọ sójú ẹ̀rọ, àwọn fẹ́ fi ojú ara wọn rí i kí ọkàn wọn balẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn débi pé imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì ojú ẹ̀rọ. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, orí wọn ń lọ sókè sódò. Ó ṣe mí ní àánú, ojú sì tì mí fún wọn. N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń wò wọ́n. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń wo àwọn tó ń kiri ṣáájà nísàlẹ̀.

"Wọ́n nìyí," Ọ̀gá ní. "Mo ti rí wọn. Ìka mi nìyí lórí wọn."

Tí mo bá yíjú padà, ó dà bí ẹni ń yẹ àgbà wò. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo ṣì kọjú sí fèrèsé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tan ààrò. Ayọ̀tọ́lá dúró ti pátákó tí ooru ń hàn lójú rẹ̀, àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọ̀n lórí. Sùlíyá ṣẹ́jú sí mi. Ní àádọ́jọ, ó dáa. Ní ọgọ́sàn-án, ó dáa. Ó dé igba, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni iye ojú pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, igba, àádọ́wàá, bẹ́ẹ̀ ooru tó ń kọ lù wá lójú kò dínkù. Ayọ̀tọ́lá ní bóyá ó ń sinmi ni.

Imú Ọ̀gá ló kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ pa á."

"Daddy, àádọ́wàá ló wà o," Ayọ̀tọ́lá dáhùn.

"Mo ní kí ẹ pa á! Ó ti kọjá àádọ́ta lé ní igba. Mo mọ òórùn ààrò mi."

Sùlíyá ló sáré pa á. Nígbà tí wọ́n fa àwo jáde, bísíkíìtì inú rẹ̀ ti di èédú. Ayọ̀tọ́lá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy. A gbìyànjú." Ọmọ dáadáa ni, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ká ní ó bú wa, ǹ bá rí ẹni bá jà. Ẹnu ọ̀nà ni Sùlíyá ti bá mi. Kò pariwo, ó kàn ní, "Ẹ sọ fún wa pé ó ti ṣiṣẹ́."

Mo fi Ọ̀gá sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé wọn ní Agége, èmi sì sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ìwé tí wọ́n ní kí n má ṣí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì, bí mo ṣe rí wọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́. Ohun yòówù kí Ọ̀gá ti ṣe lọ́jọ́ tí mo lọ ra omi, kò kan orúkọ wọn. Orúkọ ni ojú wọn ń rí, ojú wọn kò ká ohun tí a kọ sókè orúkọ.

Ìlà méjì. Mo gé wọn nísàlẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n sókè. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo jókòó, mo sunkún, mo wá ní kí ẹ̀rọ kọ́ ọ pọ̀.

Ògbufọ̀ ńlá ni, ẹ̀rọ wa sì ti darúgbó, wákàtí mẹ́fà ló máa ń gbà. Mo pe Ayọ̀tọ́lá, mo ní mo ti rí ibi tó ti wọ́, kó bá wa gba ọjọ́ kan sí i. Ó ní, "Àǹtí, ohun tí ẹ sọ lóṣù tó kọjá náà nìyẹn. Lọ́rì àwọn onírin ti wà nínú ọgbà." Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ni pílásà tí ṣọ́ọ̀bù wa wà pa jẹ́nẹ́rétọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n lé gbogbo wa jáde, ẹ̀rọ sì kú láìparí. Aago méje àárọ̀ Jímọ̀ ni mo tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀ nígbà tó parí. Àyẹ̀wò ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlélógún ló jáde, gbogbo rẹ̀ yege. Mọ́kànlá tèmi wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sórí ọpọlọ kan tó wà lórí tábìlì wa, mo fi iye ooru tan án jẹ, igba, igba ó lé ogún, igba ó lé ogójì, kò ṣì í kà rárá. Fáìlì tí ọkùnrin tó ń fọ́jú lọ kọ, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Mo kó iṣẹ́ náà sínú láptọ́ọ̀pù, mo gbé e sábẹ́ abíyá, mo gun ọ̀kadà.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti fi iná gé ààrò mẹ́ta sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹrin ṣì dúró, ara mi fẹ́ ya gágá, kí n tó rí i pé wọ́n ti fi òòlù yọ àpótí ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí bàbà inú rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sórí páálí lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ń dúró de ìwé ìdádúró wọn. Sùlíyá rí mi. Ó rí láptọ́ọ̀pù lábẹ́ abíyá mi. Ó yíjú kúrò.

Ní Sátidé, mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ògbufọ̀ náà. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀, ní ìlú tí mi ò mọ̀, dáhùn pé iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ó gbà á wọlé. Kó lè ṣe ta ni láǹfààní? Ọpọlọ tí a torí rẹ̀ ṣe é, mẹ́rin péré ni mo mọ̀ tó wà nínú ààrò ní gbogbo Èkó, wọ́n sì ti bà wọ́n jẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gá tó wá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń ka àtẹ̀gùn. Wọ́n jókòó, wọn kò bú àga.

"Sùlíyá ní o lọ síbẹ̀ ní Jímọ̀, o gbé láptọ́ọ̀pù dání. Kí lo lọ ṣe?"

Mo ti ro ó láti Jímọ̀. Bí mo bá ní fáìlì náà kò dáa, wọ́n á gbà pé ọdún méjì tó kẹ́yìn ojú wọn ṣòfò. Bí mo bá ní ó dáa, wọ́n á bi mí ní ohun tó kàn.

"Ó ṣiṣẹ́, sà."

"Kí ló ṣiṣẹ́?"

"Fáìlì yín. Méjèèjì. Mo gbé e dé igba ó lé ogójì, kò yẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Kí ló wá jó bísíkíìtì?"

"Wọn ò wọ ìwé, sà. Ìwé ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà."

"Mo rí wọn. Mo fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, sà. Ní ìsàlẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò wò ó ni?"

"Mo yíjú, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni ń yẹ̀ yín wò."

Mò ń dúró kí wọ́n gbé ohùn sókè sí mi. Kí wọ́n ní mo ti ba ayé obìnrin mẹ́tàlélógójì jẹ́, kí wọ́n lé mi jáde. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn mi orí.

"O káre," wọ́n ní. Kì í ṣe ẹ̀gàn, mo mọ ohùn wọn. "Bó ṣe yẹ kí ọmọ iṣẹ́ ṣe nìyẹn. Èmi náà ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní kí n gbé ìwé orúkọ náà sójú ẹ̀rọ fún àwọn. Mo gbé e síbẹ̀. Wọ́n na ìka síwájú, wọ́n gbé e lé ibi funfun lásán nísàlẹ̀ gíláàsì, ibi tí a kò kọ nǹkan kan sí.

"Wọ́n nìyí, àbí?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe ibẹ̀."

Mo di ìka wọn mú, mo gbé e sókè.